Bí Omi Dídì Ṣe Ń Fọ́ Àpáta ní Ilẹ̀ Olótùútù

Omi dídì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tí ó ń sọ òkè di òkúta, tí ó sì ń sọ òkúta di iyẹ̀pẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí otútù ti ń mú gidigidi, bí àríwá Yúróòpù, Kánádà, Síbéríà àti orí àwọn òkè gíga bí Alps. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀: omi, pàlàpálá tàbí ihò wẹ́wẹ́ lára àpáta, àti otútù tí ó lọ sísàlẹ̀ 0°C. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àpáta tí kò lanu níbì kankan kò wọ́pọ̀ láyé.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ìlò ọ̀rọ̀. Ohun tí ó máa ń bá òjò rọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni à ń pè ní yìnyín, orúkọ yìí kan náà ni a sì ń lò fún omi tí ó dì nínú fírísà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, omi tí ó dì gbagidi nínú àpáta ni yìnyín dúró fún. Ìrì dídì yàtọ̀ sí i. Ojú koríko àti òrùlé ni ìyẹn ń funfun sí láàárọ̀.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni pé omi máa ń fẹ̀ bí ó bá dì, ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹni tí ó bá ti fi omi inú ọ̀rá sí fírísà mọ́jú mọ bí ọ̀rá náà ṣe ń wú. Bí omi bá há sínú àpáta tí kò rí ibi sá sí, yóò máa ti àpáta náà láti inú. Ní -22°C, agbára náà lè tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 2 lórí ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, èyí tí ó pọ̀ ju ohun tí àpáta lè fara dà lọ. Àlàyé yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé àfi bí ihò náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́nu, tí ẹnu rẹ̀ sì dí pinpin. Pàlàpálá àpáta sábà máa ń ṣí sílẹ̀ lápá kan, yìnyín a sì gba ibẹ̀ yọ.

Stephen Taber, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìdánwò kan tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ní 1930. Dípò omi, benzene ni ó fi rin erùpẹ̀ kí ó tó mú un dì. Benzene kì í fẹ̀ bí ó bá dì, ńṣe ni ó ń súnkì. Síbẹ̀ erùpẹ̀ náà wú sókè. A jẹ́ pé nǹkan mìíràn ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀. Nǹkan náà ni pé omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń ṣẹ́kù láìdì láàárín yìnyín àti àpáta, kódà nísàlẹ̀ 0°C. Ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni yìnyín fi ń fa omi àyíká sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí omi ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni yìnyín ń sanra, tí pàlàpálá sì ń gùn sí i.

Ní 1985, Joseph Walder àti Bernard Hallet ṣe ìṣirò tí ó fi hàn pé àárín -4°C sí -15°C ni iṣẹ́ yìí ti ń yá jù. Bí otútù kò bá tó bẹ́ẹ̀, agbára yìnyín kò ní tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi kò ní lè rìn dáadáa mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí otútù ti mú jù lọ láyé ni àpáta ti ń fọ́ jù. Kíka iye ìgbà tí omi dì tí ó sì yọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣe, kò sì lè sọ gbogbo ìtàn náà. Ó yẹ kí a tún béèrè bí àpáta ṣe pẹ́ tó nínú ìwọ̀n otútù yẹn, àti bóyá omi wà nítòsí.

Yìnyín tí ó fọ́ àpáta náà ni ó tún ń so ó pọ̀. Ìgbà tí ó bá yọ́ ni ohun tí ó ti là tipẹ́ ń já bọ́, tí òkúta ṣóńṣó-ṣóńṣó ń kó jọ sí ẹsẹ̀ òkè. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, àpáta kan wà tí ó rí bí ojú arúgbó, tí wọ́n ń pè ní Old Man of the Mountain. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára owó ẹyọ ìpínlẹ̀ náà ní 2000. Láti 1916 ni wọ́n ti ń fi irin dè é. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí pàlàpálá rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kárùn-ún ọdún 2003, ó wó lulẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún kan náà, nígbà tí ooru mú lọ́nà àrà ní Yúróòpù, àpáta ya lulẹ̀ lára Matterhorn, òkè tí ó ga ní mítà 4,478 ní ààlà Switzerland àti Ítálì. Yìnyín hàn gbangba ní ojú ibi tí ó ti ya. Hẹlikópítà ni wọ́n fi kó àwọn tí ń gun òkè náà wálẹ̀. Inú irú òkè bẹ́ẹ̀ máa ń dì láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe ń gbóná, ìdè náà ń tú, àwọn abúlé àti ojú ọ̀nà sì wà nísàlẹ̀. Láti 2008 ni àwọn onímọ̀ ti kan ẹ̀rọ mọ́ ara Matterhorn, tí ń wọn otútù inú àpáta àti bí pàlàpálá rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó.