Ẹ́ńjìnnì àti gíà wo ló yẹ ọkọ̀ ẹni tó fẹ̀yìn tì sí Ìpàpó?

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá gba owó gíràtúítì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó ti lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ọba, tàbí tó ti pé ẹni 60 ọdún, kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀kadà ni òun yóò máa gùn lọ sí oko àti sí ìpàdé ìdílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́, tí òfin ọdún 2022 fún láǹfààní láti ṣiṣẹ́ títí di ẹni 65 ọdún tàbí kí ó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹni tó ti sìn tó bẹ́ẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní tia-rọ́bà. Ohun tó léwu níbẹ̀ ni pé owó gíràtúítì kì í wá lẹ́ẹ̀mejì, owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù tó sì kù lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ra gíàbọ́ọ̀sì míìràn bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tọ pinpin ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń padà sílé láti Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ìpàpó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, tí Òtu jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní agbègbè Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ̀ ẹni tó fẹ̀yìn tì síbẹ̀ yóò máa lọ sí oko ní ọ̀nà ẹlẹ́rùpẹ̀ pupa, yóò máa gbé iṣu àti gbàgúdá nígbà mìíràn, yóò máa gbé bàbá tàbí ìyá lọ sí báńkì ní Ìsẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀nà Mónìyà sí Ìsẹ́yìn, tí gígùn rẹ̀ tó 65 kìlómítà, ti dára láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀nà ọlọ́dà yẹn nìkan yan ọkọ̀ ti gbàgbé ibi tí ọkọ̀ náà yóò ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ní Òkè-Ògùn máa ń bo ewé igi mọ́lẹ̀. Eruku kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fẹ̀yìn tì lónìí ló dàgbà nígbà tí ọkọ̀ rọrùn láti tún ṣe. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí tíṣà àti akọ̀wé sì ra ọkọ̀ àti alùpùpù. Ọkọ̀ Volkswagen oníjàpá kò ní radiétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Gíà Peugeot 504 tí a mọ̀ nígbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, mẹkáníìkì abẹ́ igi sì lè tú u palẹ̀ kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrántí àkókò yẹn dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi àgbà lọ́nà. Ọkọ̀ tuntun òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀, ìbéèrè tó sì yẹ kó ṣáájú ni pé ta ni yóò tún un ṣe, kí a tó béèrè bí ó ṣe lè sáré tó.

Tí a bá fi ojú yìí wò ó, ẹ́ńjìnnì tó yẹ ni ti bẹntiróòlù, onísílíńdà mẹ́rin, tí títóbi rẹ̀ wà láàárín lítà 1.5 sí 1.8, tí kò sì ní tọ́bò. Tọ́bò jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó sì ń fi agbára ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Ó máa ń yí ní ìgbà tó ju 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìkan ló sì ń dáàbò bò ó. Bí ọ́ìlì bá jẹ́ ayédèrú, tàbí tí ọjọ́ tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá, tọ́bò ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tuntun tó ń wọlé láti Ṣáínà báyìí ló ní ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní tọ́bò. Wọ́n lẹ́wà, iye wọn sì máa ń fani mọ́ra. Ẹni tó ń gbé ní ìlú ńlá, tí ibi àtúnṣe ilé-iṣẹ́ náà kò jìnnà sí, lè rà á láìfòyà. Ẹni tó wà ní Ìpàpó ní láti ronú ẹ̀ẹ̀mejì.

Epo pàápàá kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní gbogbo ìgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ba ọkọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀nà epo rẹ̀ rọrùn ni a lè tètè tú, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì tún lò ó. Ẹ tún béèrè bóyá ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì náà ń lò láti fi darí fáàfù rẹ̀ tàbí bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì ní láti yí padà ní nǹkan bí 100,000 kìlómítà. Bí ó bá já lójijì, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, fáàfù àti písítìn yóò kọlu ara wọn. Ṣéènì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní bàbá kan ń rin 600 kìlómítà lóṣù. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń mu lítà 8 fún 100 kìlómítà, lítà 48 ni yóò rà. Bí ó bá ra jíìpù onísílíńdà mẹ́fà tó ń mu lítà 12, lítà 72 ni. Kí ìjọba tó kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó N200 ní àwọn ilé-epo tó ń tà á ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti ju N1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Tí a bá ṣírò rẹ̀ ní N1,000 péré, lítà 24 tó fi lé sí i yìí jẹ́ N24,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ N70,000. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ, nítorí iyì lásán.

Àwọn kan yóò ní dísẹ̀ẹ̀lì ló lágbára láti gbé ẹrù oko. Òótọ́ ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ dísẹ̀ẹ̀lì àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ̀ẹ̀lì tuntun ní asẹ́ kan lọ́nà èéfín tó ń gba ìdọ̀tí dúdú dúró, tó sì ní láti jó ìdọ̀tí náà dànù nígbà tí ọkọ̀ bá sáré pẹ́ lójú ọ̀nà tó já gaara. Ọkọ̀ tó kàn ń lọ láti ilé sí oko, láti oko sí ọjà, kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Asẹ́ yóò dí. Imí-ọjọ́ inú epo tún ń dá kún un. Ní ọdún 2016, àjọ Public Eye ti orílẹ̀-èdè Switzerland ṣàyẹ̀wò epo ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́jọ, tí Benin tó bá Òkè-Ògùn pààlà wà lára wọn, ó sì rí i pé imí-ọjọ́ inú dísẹ̀ẹ̀lì wọn pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan tí Yúróòpù gbà láyè. Ẹ má ra dísẹ̀ẹ̀lì tuntun àyàfi tí iṣẹ́ gidi bá wà fún un.

Ní ti ọkọ̀ tó ń lo gáàsì CNG, tí ìjọba àpapọ̀ ti ń polongo láti ọdún 2023, kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ó ti máa bu gáàsì, kí ẹ sì ṣírò epo tí ẹ ó fi dé ibẹ̀. Ọkọ̀ haibíríìdì, tó ń lo bẹntiróòlù àti bátìrì ńlá pọ̀, ń dín epo kù lóòótọ́, àmọ́ bátìrì náà ń darúgbó, ó sì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ gíà ló ṣòro jù, nítorí ara ẹni tó ń wakọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ onígíà ọwọ́ rọrùn láti tún ṣe. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ, mẹkáníìkì tó wà nítòsí lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí bátìrì bá kú sí oko, àwọn ọmọ lè ti ọkọ̀ kó ṣáná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò kì í gba títì rárá. Bí ọ́tò bá sì dákú sójú ọ̀nà, ẹ kò gbọdọ̀ fi okùn fà á tí táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí bá ṣì wà nílẹ̀, torí pé inú gíàbọ́ọ̀sì yóò máa yí láìrí ọ́ìlì tó. Ọkọ̀ tó lè gbé e sókè ni a gbọ́dọ̀ pè, ó sì lè jẹ́ láti Ìsẹ́yìn tàbí ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí làkúrègbé ń bá eékún rẹ̀ jà lè tẹ̀ ẹ́ lónìí, kó máa kérora lọ́dún márùn-ún sí i. Èrò akọ̀ròyìn yìí ni pé ẹni tí eékún rẹ̀ bá ti ń dùn ún kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọ́tò ni kó rà, kó má tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń lo gíà ọwọ́ pàápàá ti dín kù ní ọjà; ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi Hilux àti díẹ̀ nínú ọkọ̀ kéékèèké ni a ṣì lè bá a lára wọn.

Ọ́tò ní ewu tirẹ̀ fún àgbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ní Ikebukuro ní ìlú Tokyo, bàbá ẹni 87 ọdún kan tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìná nígbà tó rò pé búréèkì ni òun ń tẹ̀. Ọkọ̀ náà pa ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti orí gíà ọwọ́ sórí ọ́tò gbọ́dọ̀ fi ara kọ́ ọ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kí òsì máa sinmi.

Ọ́tò pẹ̀lú kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ti pẹ́ jù ni èyí tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì dé ara gíà, tó sì ní gíà gidi nínú. Irú rẹ̀ ni Oldsmobile ní Amẹ́ríkà tà fún gbogbo ayé láti ọdún 1940. Èkejì ni CVT, tí DAF ti orílẹ̀-èdè Netherlands fi sínú ọkọ̀ ní ọdún 1958: kò ní gíà kan, gíà méjì, bẹ́líìtì ló ń yí láàárín àgbá méjì tó ń fẹ̀ tó sì ń sún. Ó ń dín epo kù, ó sì ń lọ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ẹrù wúwo lórí òkè, ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an ló sì gbọ́dọ̀ mu. Ẹni tó bá fi ọ́ìlì ọ́tò lásán sínú rẹ̀ ti pa á. Ẹ̀kẹta ni gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, tó ń yára bí ìjì, tí kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ máa fà díẹ̀díẹ̀ nínú kòtò àti ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹrin, gíà ọwọ́ tí ẹ̀rọ ń bá ni tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wà nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan. Ó máa ń ta ni síwájú díẹ̀ bó bá ń pààrọ̀ gíà, àmọ́ kò wọ́n, inú rẹ̀ sì súnmọ́ ohun tí mẹkáníìkì wa mọ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti àkọ́kọ́ ni a fara mọ́ fún Ìpàpó.

Bí olùtajà bá sọ fún yín pé ọ́ìlì gíà náà kò ní ìgbà tí a ń pààrọ̀ rẹ̀, pé títí ayé ni, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 60,000 kìlómítà, pẹ̀lú irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ. Asẹ́ atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dúró de ìwé ní tiwa, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù nígbà ọyẹ́.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ mú mẹkáníìkì tí yóò máa tọ́jú ọkọ̀ náà dání lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó wo ẹ́ńjìnnì, kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà gíàbọ́ọ̀sì sílẹ̀, kó sì fi béèrè ẹ̀yà rẹ̀ àti iye tí wọ́n ń tà á ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Bí kò bá rí ẹni kankan tó ní in lọ́jà, ẹ wo ọkọ̀ mìíràn.