Ẹnubodè àti Ìlẹ̀kùn Yàrá: Ìtàn Àṣẹ Lórí Fódà Àjọlò

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé kan yóò ti bá ìṣòro yìí pàdé: ó ti sọ fódà kan di àjọlò, orúkọ fódà náà sì hàn lójú kọ̀ǹpútà kejì, ṣùgbọ́n bó ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, wọ́n ní kò ní àṣẹ láti wọlé. Á padà sídìí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, á yí èyí, á yí tọ̀hún. Nígbà tó bá sú u, á mú orúkọ tó ń jẹ́ "Everyone", á fún gbogbo ayé láṣẹ lórí ohun gbogbo, fódà á sì ṣí. Ohun tí onílé fi ìkánjú ṣe yìí ni àwọn tó ṣe ètò náà fúnra wọn ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì ń padà wá tún ṣe.

Ìbéèrè nípa ẹni tó lè ka ìwé ẹlòmíràn ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé inú ilé. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò CTSS jáde ní ọdún 1961, èyí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Níwọ̀n bí ìwé oníkálukú ti wà nínú ẹ̀rọ kan náà, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní páswọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ tí odi náà fi lanu. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, tí wákàtí tí wọ́n fún un lórí ẹ̀rọ kò tó o, ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí gbogbo páswọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ jáde fún òun. Ẹ̀rọ náà tẹ̀ ẹ́ láìjanpata. Multics, ètò tí wọ́n ṣe tẹ̀lé CTSS, ló mú ọgbọ́n tó ṣì wà títí dòní wá: fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tirẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ẹni tó lè kà á àti ẹni tó lè yí i padà sí.

Ọgbọ́n yìí kò bá kọ̀ǹpútà kékeré wọlé. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde ní 1981, ètò DOS tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ olóhun. Ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ ló ni ín. Èyí kò burú níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ náà dá wà. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Barry Feigenbaum ní ilé iṣẹ́ IBM ṣe ìlànà tí a mọ̀ sí SMB, kí kọ̀ǹpútà kan lè ṣí fáìlì tó wà lórí òmíràn bí ẹni pé inú ara tirẹ̀ ló wà. Microsoft gbà á, wọ́n sì ń tún un ṣe. Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ló ń gbé fódà àjọlò inú Windows títí di òní. Bí wọ́n ṣe la títì gba iwájú ilé tí yàrá inú rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn nìyẹn.

Windows for Workgroups ti ọdún 1992 àti Windows 95 gbìyànjú láti fi páswọ́ọ̀dù dí àlàfo náà. Fódà ni wọ́n fún ní páswọ́ọ̀dù, wọn kò fún ènìyàn. Fódà kan lè ní méjì, ọ̀kan fún kíkà lásán, èkejì fún àṣẹ kíkún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ̀ ọ́n ti wọlé, kọ̀ǹpútà kò ní bi í pé, "Ta nìyẹn?" Bí ọmọ ilé kan bá sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá ọ̀rẹ́ náà dúró láìyí kọ́kọ́rọ́ mọ́ gbogbo ará ilé lọ́wọ́.

Èyí tún kéré sí ohun tó hàn síta ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2000. Àṣírí tú pé bí Windows 95, 98 àti Me bá ń yẹ páswọ́ọ̀dù fódà wò, iye lẹ́tà tí àlejò bá fi ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí àlejò bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́, tí lẹ́tà náà sì bá ti àkọ́kọ́ mu, ilẹ̀kùn ṣí. Bó ti wù kí páswọ́ọ̀dù gùn tó, olè kò ní ju kó dán lẹ́tà wò lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Microsoft gbé àtúnṣe jáde lóṣù náà gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ onílé kò gbọ́, àwọn tó gbọ́ pàápàá kò fi gbogbo wọn ṣe é. Ní 2002, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Opaserv gba ojú ihò yìí kan náà láti ilé dé ilé, ó ń da ẹ̀dà ara rẹ̀ sórí díìsìkì C tí àwọn onílé ti sọ di àjọlò lódindi.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọgbọ́n tó dára jù lọ ti wà nínú ilé iṣẹ́ Microsoft kan náà ní gbogbo àkókò yìí. Windows NT, tí Dave Cutler ṣaájú àwọn tó kọ ọ́, jáde ní 1993 pẹ̀lú NTFS, èyí tó dá ìwé orúkọ Multics padà sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn fi di méjì. Fódà àjọlò ní ìwé orúkọ tirẹ̀ lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fáìlì inú rẹ̀ sì ní tirẹ̀. Bí ẹnubodè agbolé àti ìlẹ̀kùn yàrá ni. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè bá ní kí àlejò wò nìkan, tí oníyàrá sì ní kó mú ohun tó bá wù ú, wíwò náà ni yóò wò. Bí ẹnubodè bá ṣí gbayawu, tí oníyàrá sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àlejò yóò dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ló máa ń borí. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà gan-an kò gba ẹnubodè kọjá rárá, ìlẹ̀kùn yàrá nìkan ló bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí fáìlì kan fi ń ṣí wẹ́rẹ́ níhìn-ín, tó sì ń kọ̀ jálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kejì.

Nígbà tí Windows XP mú ìran NT wọ inú ilé ní 2001, Microsoft rò pé ìwé orúkọ méjì yóò ti pọ̀ jù fún ìdílé, wọ́n sì fi í pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá, ìbáà ṣe bàbá, ìbáà ṣe ọmọ, àlejò ni XP pè é. Nínú XP Home, onílé kò lè yí èyí padà nínú ètò fódà. Èrò náà yéni, ṣùgbọ́n ó sọ ìwé tí wọ́n ṣe kí a lè dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ di ìwé tí orúkọ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. HomeGroup inú Windows 7, ní 2009, sàn jù ú lọ: kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá páswọ́ọ̀dù kan fún gbogbo ilé, onílé á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà yòókù. Àìdára rẹ̀ ni pé Windows nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀, nígbà tí fóònù ti ń kún ilé. Ní 2018 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí Windows 7 wà lórí rẹ̀ yóò ṣì bá a níbẹ̀, tí kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Èbìbí ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní eré. Kòkòrò WannaCry gba inú àléébù kan nínú SMB àkọ́kọ́ wọlé. Kò béèrè páswọ́ọ̀dù, kò sì wo ìwé orúkọ kankan, nítorí ara ògiri ló gbà. Ó ti àwọn fáìlì pa, ó ní kí wọ́n san dọ́là 300 kí òun tó ṣí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n sì darí ọkọ̀ aláìsàn síbòmíràn. Àtúnṣe sì ti wà nílẹ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà.

Àwọn kan sọ lẹ́yìn èyí pé àṣẹ orí fódà kò wúlò mọ́. Wọn kò rò ó jinlẹ̀. Bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá wọ kọ̀ǹpútà kan nínú ilé, fódà àjọlò tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà ní àṣẹ láti kọ nǹkan sí ló máa ń nà mọ́. Ibi tó ti ní àṣẹ kíkà nìkan, orúkọ rẹ̀ kò ní ran kòkòrò náà lọ́wọ́ láti ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀.

Kí ọdún 2017 tó parí, Windows 10 tuntun kò gbé SMB àkọ́kọ́ wá ní títàn mọ́, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti wọ fódà tí kò béèrè orúkọ. Àwọn àpótí ìpamọ́ àtijọ́ tó ń fi SMB àkọ́kọ́ nìkan sọ̀rọ̀ dákẹ́ lójijì nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó ní irú rẹ̀ lè tún ilẹ̀kùn tí wọ́n ti dí ṣí, kó sì máa lo àpótí rẹ̀ lọ, tàbí kó ṣí i fún ọjọ́ kan péré, kó fi kó àwọn fọ́tò inú rẹ̀ jáde, kó tó dí i padà.