Bí Iyùn Ṣe Di Ohun Ọ̀sìn Inú Ilé: Ìtàn Àpótí Omi Òkun

Iyùn tí àwọn ọba, ìjòyè àti ìyàwó tuntun ń fi sí ọrùn nílẹ̀ Yorùbá jẹ́ egungun ẹranko kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkun, pàápàá Òkun Mẹditaréníà. Ẹranko kékeré ni, ara rẹ̀ rọ̀, ẹnu kan ṣoṣo ló ní, ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó fi ń mú oúnjẹ sì yí ẹnu náà ká. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé nínú òkun ilẹ̀ olóoru a máa kọ́ egungun líle sábẹ́ ara wọn láti ìran dé ìran, títí egungun náà yóò fi di àpáta ńlá tí ẹja, akàn àti edé ń fi ṣe ilé, èyí tí a ó máa pè ní àpáta iyùn. Bí ènìyàn bá kó òkúta, iyùn àti ẹja bẹ́ẹ̀ sínú àpótí gíláàsì tó kún fún omi iyọ̀, tó sì ń tọ́jú wọn nínú ilé rẹ̀, àpótí àpáta iyùn ló ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àpótí gíláàsì fún omi òkun, ó gbà tó 150 ọdún kí iyùn ilẹ̀ olóoru tó lè dàgbà dáadáa nínú iyàrá ènìyàn lásán, ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọdún wọ̀nyí sì kọ́ àwọn ọlọ́sìn ni pé omi gan-an ni wọ́n ń sìn.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi le wà nínú ara iyùn fúnra rẹ̀. Ewéko tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ló kún ara iyùn ilẹ̀ olóoru. Ewéko yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn tó gbà á sílé ní apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí omi ti móoru, tó mọ́ gaara, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dé ìsàlẹ̀ nìkan ni àpáta iyùn ti ń gbèrú. Etíkun láti Èkó dé Kútọnu àti Lomé kò ní irú àpáta bẹ́ẹ̀, nítorí pé odò ń kó ẹrẹ̀ àti omi aláìníyọ̀ wọ òkun níbẹ̀, omi tútù sì máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní àwọn oṣù kan.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé òkun wọ inú ilé

Jeanne Villepreux-Power, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń gbé ní Messina ní erékùṣù Sicily, ni ìtàn kà sí aṣáájú. Ní ọdún 1832, ó ṣe àpótí gíláàsì olómi òkun kí ó lè máa wo ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Argonauta, tó ń gbé nínú ìkarahun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà ń jiyàn bóyá ẹ̀dá yìí ló ń ṣe ìkarahun rẹ̀ tàbí ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀dá mìíràn. Villepreux-Power fọ́ díẹ̀ lára ìkarahun náà, ó sì rí i pé Argonauta fúnra rẹ̀ ló dí ojú ibi tó fọ́.

Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà àgbà kan ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó kọ́kọ́ mú iyùn gan-an wálé láàyè. Ní 1846, ó kó irú iyùn kékeré kan tó ń gbé nínú omi tútù ní etíkun Torquay, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an mọ́ kànrìnkàn ńlá kí omi lè máa yí i ká, ó sì gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú ìkòkò. Omi òkun tí wọ́n ń gbé wá láti etíkun ló kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí omi náà kò tó mọ́, ó ní kí ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kí ó máa da omi láti inú ohun èlò kan sínú òmíràn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú omi náà. Ní 1847, ó kó ewéko òkun sínú omi pẹ̀lú iyùn, ó sì tọ́jú wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, tí iyùn náà tilẹ̀ bímọ. Iṣẹ́ tí pọ́ǹpù ń ṣe nínú gbogbo àpótí lónìí ni ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe.

Ní 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹja, ewéko inú omi àti ìgbín omi sínú àwo kan náà, ó sì fi hàn pé ewéko ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ẹja ń mí sínú jáde, ìgbín ń jẹ ewé tó jẹrà, ìgbẹ́ àwọn ẹran náà sì di oúnjẹ fún ewéko. Ọgbà ẹranko Regent's Park ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn ní 1853, Philip Henry Gosse, ọ̀kan lára àwọn tó kó ẹran òkun wá fún ilé náà, sì tẹ ìwé rẹ̀, *The Aquarium*, jáde ní 1854. Gíláàsì kò wọ́n mọ́ nígbà náà, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti mú owó orí rẹ̀ kúrò ní 1845, àwọn ìdílé tó rí owó ná sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí etíkun láti kó ẹran. Edmund, ọmọ Gosse, kọ̀wé ní 1907 pé àwọn tó ka ìwé bàbá òun ló kó àwọn adágún àárín àpáta etíkun Gẹ̀ẹ́sì ní àkótán. Ìbànújẹ́ náà kò tíì kúrò nínú ìtàn yìí.

William Alford Lloyd, tó ti ta àpótí àti ẹran òkun ní Lọ́ńdọ̀nù, mú ìmọ̀ náà gbòòrò sí i ní ilé ẹja Crystal Palace ní ìlú kan náà ní 1871. Ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ sínú àgbá ńlá kan tó ṣókùnkùn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ fà á sókè kí ó lè máa ṣàn yíká láìdúró. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni ìlànà ọ̀pọ̀ omi fún ẹran díẹ̀ ti wá, òun náà ni àwọn ọlọ́sìn òde òní ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n bá gbé àpótí kejì, tí ẹ̀rọ wọn ń bẹ nínú rẹ̀, sábẹ́ àpótí tí àlejò ń wò. Síbẹ̀, iyùn ilẹ̀ olóoru kò tíì gbà láti gbé inú ilé. Iyùn Thynne kò nílò ìmọ́lẹ̀ láti jẹun, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ olóoru nílò rẹ̀, kò sì sí gílóòbù tó lè ṣe bí oòrùn. Fún ìdí èyí, egungun iyùn tó ti kú, tí wọ́n ti fọ̀ di funfun, ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ń tò sínú àpótí wọn títí di nǹkan bí ọdún 1960.

Ìmọ̀ láti Nouméa, Jakarta àti Berlin

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ìlú tí àpáta iyùn wà nítòsí wọn. René Catala dá ilé ìfihàn sílẹ̀ ní Nouméa ní New Caledonia ní 1956, ó ń fa omi òkun tuntun wọ inú àpótí rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, iyùn sì wà láàyè níbẹ̀ débi pé ó lè fi han àwọn àlejò bí iyùn ṣe ń tàn yanran lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ kan tí ojú ènìyàn kò rí. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Jakarta ní Indonesia, ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́sìn ẹja ní Amẹ́ríkà pé òun kì í lo ẹ̀rọ asẹ́mi kankan: òkúta tí òun gbé tààrà láti inú òkun, omi òkun, oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó ń hó láti inú rọ́bà tín-ínrín ti tó òun.

Òkúta yẹn ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja ń di amóníà, májèlé tó ń pa ẹja kíákíá. Àwọn bakitéríà tó ń gbé lójú òkúta ń sọ amóníà di náítíráìtì, òmíràn ń sọ ìyẹn di náítíréètì tí oró rẹ̀ kéré. Nínú ihò òkúta náà lọ́hùn-ún, níbi tí ọ́síjìn kò dé, ẹ̀yà bakitéríà mìíràn ń sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́ tó ń jáde kúrò nínú omi. Òkúta kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè ṣe, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní òkúta alààyè.

Àwọn ará Jámánì ló so òkúta yìí pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi iyọ̀, tí ìdọ̀tí ara ẹran fi ń lẹ̀ mọ́ ìhó, tí ìhó náà sì ń gun òkè bọ́ sínú ife, tí ọlọ́sìn yóò dà á nù gẹ́gẹ́ bí alásè ṣe ń gbọ́n ìhó kúrò lójú ọbẹ̀. Peter Wilkens, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀sìn ẹran òkun aláìléegun jáde ní 1973, kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi omi tí wọ́n po kálísíọ̀mù háídírọ́ksáìdì sí, tí wọ́n ń pè ní Kalkwasser, dípò omi tó gbẹ, kí iyùn lè rí kálísíọ̀mù fi kọ́ egungun rẹ̀. Ní Berlin, Dietrich Stüber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òkúta alààyè, ẹ̀rọ agbọ́nìhó yẹn, Kalkwasser àti gílóòbù alágbára ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí ayé ń pè ní ìlànà Berlin. Iyùn ẹlẹ́ka kan dàgbà nínú àpótí Stüber, ó ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún àwọn ọlọ́sìn mìíràn, àwọn náà sì ń gé e fún ẹlòmíràn, títí irú rẹ̀ fi tàn ká Yúróòpù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ nípa èyí ní 1986, nígbà tí George Smit kọ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ lórí irú àpótí tí wọ́n ń ní ní Yúróòpù. Walter Adey ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ń fi ewéko tó ń hù lórí àwọ̀n fọ omi mọ́, Jean Jaubert sì ń lo yanrìn nínípọn ní Monaco. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé ẹ̀dá alààyè ni kí ó máa fọ omi, kí ẹ̀rọ máa ràn án lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ lónìí

Ètò ìgbékalẹ̀ òde òní tẹ̀ lé ìtàn yìí ní ìpele dé ìpele. Omi tí wọ́n ti sẹ́ títí tí kò fi ku ohunkóhun nínú rẹ̀ ni wọ́n ń po iyọ̀ òkun tí wọ́n ń tà nínú àpò sí, títí gíráàmù iyọ̀ yóò fi tó nǹkan bí 35 nínú kílógíráàmù omi kan. Wọ́n á to òkúta sínú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí pọ́ǹpù máa rú omi, wọ́n á sì mú kí omi móoru ní ìwọ̀n 24 sí 27 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn èyí ni ìdúró: ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí bakitéríà tó pọ̀ tó láti jẹ amóníà, ẹja tó bá sì wọ inú omi ṣáájú ìgbà náà wọ inú májèlé. Nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé amóníà àti náítíráìtì ti tán, ẹja díẹ̀ àti iyùn tí ara rẹ̀ gba ìyà ló ń ṣáájú. Iyùn olóòkúta, ìyẹn èyí tó ń kọ́ egungun líle, tí kò sì fẹ́ ìyípadà kankan, ló ń kẹ́yìn.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò tóbi, ṣùgbọ́n kò gba ìgbàgbé. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà omi aláìníyọ̀ ni wọ́n ń fi dípò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi omi iyọ̀ dípò yóò mú kí iyọ̀ pọ̀ jù láìmọ̀. Wọ́n ń da ife ẹ̀rọ agbọ́nìhó nù, wọ́n ń nu gíláàsì, wọ́n ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n sì ń wọn kálísíọ̀mù, tí wọ́n fẹ́ kí ó wà láàárín mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan. Ìmọ́lẹ̀ tí ó jẹ́ ìdènà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ti di ohun ìrọ̀rùn láti ọwọ́ gílóòbù LED, tí iná mànàmáná díẹ̀ ń tó.

Gbèsè tí ọlọ́sìn jẹ òkun

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí etíkun Gẹ̀ẹ́sì tún ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Philippines ti ń fọ́n májèlé sáyánáìdì sínú ihò àpáta kí ẹja lè dákú, májèlé kan náà sì ń pa iyùn tó wà nítòsí. Láti 1990, gbogbo iyùn olóòkúta ti wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES, tó béèrè ìwé àṣẹ kí wọ́n tó gbé wọn kọjá ààlà orílẹ̀-èdè.

Ọ̀nà tó sàn jù ni mímú kí ẹja bímọ àti gígé ẹ̀ka iyùn nínú ilé. Martin Moe mú kí ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn onílà funfun bímọ fún títà ní Florida ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 2012, níbi tí wọ́n ti fi gílóòbù ṣe ìrìn oòrùn àti ti òṣùpá, tí wọ́n sì ń yí ìgbóná omi padà bí ó ṣe ń yí padà nínú òkun láti oṣù dé oṣù, títí iyùn inú àpótí fi tú ẹyin rẹ̀ sínú omi ní àsìkò tó yẹ. Wọ́n tẹ ìlànà náà jáde ní 2017. Ní àsìkò yìí kan náà, àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí nítòsí Miami ní 2014 ń pa iyùn Florida, àwọn onímọ̀ sì ń kó èyí tí àrùn kò tíì mú pamọ́ sínú àpótí lórí ilẹ̀. Ní oṣù Ògọ́sítì 2019, Florida Aquarium, tí Horniman ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀, mú kí irú iyùn kan tó ń dúró bí òpó tú ẹyin nínú àpótí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún iyùn Òkun Àtìláńtíìkì.

Ìmọ̀ tí wọ́n lò fún iṣẹ́ yẹn, nípa omi, ìmọ́lẹ̀ àti kálísíọ̀mù, ni àwọn ọlọ́sìn kó jọ díẹ̀díẹ̀ nínú iyàrá àlejò wọn láti ìgbà Thynne. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé àpótí àpáta iyùn kalẹ̀, kí ó ra ẹja tí wọ́n bí nínú ilé àti ẹ̀ka tí wọ́n gé lára iyùn tó ti dàgbà nínú àpótí, kí ó sì jẹ́ kí omi rẹ̀ gbó kí ó tó fi ẹ̀mí kankan sínú rẹ̀.