Hackintosh: Ètò Mac Lórí Ẹ̀rọ Tí Apple Kò Fún Láṣẹ

Ẹ jẹ́ ká tan kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré kan tí wọ́n kọ Dell sí lẹ́yìn. Àmì Windows là ń retí, ṣùgbọ́n èso ápù tí wọ́n gé jẹ ló yọ láàárín ojú rẹ̀, bó ti máa ń yọ lórí ẹ̀rọ Apple. Hackintosh ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n so pọ̀: “hack”, èyíinì ni kí ènìyàn fi ọgbọ́n orí lo ohun èlò lọ́nà tí ẹni tó ṣe é kò rò sí, àti “Macintosh”, orúkọ kọ̀ǹpútà Apple.

Ètò adarí ni ètò tó kọ́kọ́ ń jí bí a bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ, òun náà ló ń bá ojú rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti Wi-Fi rẹ̀ sọ̀rọ̀. Windows ni ti Microsoft. Ti Apple ni Mac OS X, tí wọ́n wá ń pè ní macOS láti ọdún 2016. Nínú ìwé àdéhùn tó ń bá a rìn, Apple kọ ọ́ pé orí kọ̀ǹpútà tó ní àmì Apple nìkan la ti gbọ́dọ̀ lò ó. Ìtàn Hackintosh ni ìtàn àwọn tó gbé ètò náà kọjá ààlà yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé gbọ́: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń pè ní òkú, ara wọn ṣì le koko, àṣẹ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Kí Intel tó dé

Apple fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn yìí rí. Lọ́dún 1995, ó gba àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn láyè láti máa ṣe kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Mac. Power Computing, ní ìpínlẹ̀ Texas, wà lára wọn. Ọjà wọn yára, owó rẹ̀ kò sì gani lára, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà Apple gan-an ni wọ́n ń fà lọ. Nígbà tí Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, padà síbẹ̀ lọ́dún 1997, ó ti ilẹ̀kùn náà, Apple sì san mílíọ̀nù dọ́là 100 láti fi gba iṣẹ́ Power Computing.

Ní oṣù kẹta ọdún 2001, Mac OS X jáde. Kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ PowerPC G3 sókè nìkan ni Apple ní kó lò ó. Àwọn tó ti ná owó gọbọi sórí Power Macintosh ní ọdún díẹ̀ ṣáájú bá ara wọn lẹ́yìn odi. Ryan Rempel ló kọ ètò kan fún wọn, XPostFacto, tó mú kí ẹ̀rọ àtijọ́ wọn gba ètò tuntun náà sára. Orí ẹ̀rọ Apple gan-an ni irú iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ wáyé. Ibẹ̀ náà ni ìtàn wa yóò padà sí.

Ọpọlọ kan náà, àgádágodo kan láàárín

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2005, ní San Francisco, Jobs kéde pé Apple ń fi ọpọlọ PowerPC sílẹ̀, ó ń lọ bá Intel, tí ọpọlọ rẹ̀ wà nínú PC, àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows. Ó jẹ́wọ́ pé láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń kọ Mac OS X lábẹ́lẹ̀ lọ́nà tó fi lè ṣiṣẹ́ lórí Intel. Kí àwọn tó ń kọ áàpù lè múra sílẹ̀, Apple fi ẹ̀rọ ìdánwò háyà fún wọn ní dọ́là 999: Pentium 4 ni ọpọlọ rẹ̀, inú àpótí Power Mac ni wọ́n gbé e sí. Àdéhùn ni pé wọn yóò dá ẹ̀rọ náà padà. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ètò inú rẹ̀ ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá sì ti bọ́ síbẹ̀, ẹyin tó fọ́ ni, kò ṣe é ṣà mọ́.

Títí di ìgbà yẹn, èdè ọpọlọ Mac àti èdè ọpọlọ PC jìnnà síra bí Yorùbá àti Haúsá. Wàyí o, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kù láàárín ètò Apple àti kọ̀ǹpútà Dell kò ju àgádágodo lọ. Apple mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti àwọn apá tó ṣe kókó nínú ètò náà pa, bíi Finder, tí a fi ń wá fáìlì, àti Dock, ìlà áàpù tó wà nísàlẹ̀. Fáìlì kékeré kan tí wọ́n sọ ní “Dont Steal Mac OS X”, ẹ má jí Mac OS X, ló ń ṣí wọn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú SMC, ṣíìpù kan tó jẹ́ pé inú Mac nìkan ló wà. Kódà, ẹ̀bẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n so pọ̀ ni, tó ń bẹ ẹni tó bá rí i pé kó má jí iṣẹ́ àṣelàágùn wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kò lè ti ilẹ̀kùn. Lọ́dún 2006, ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ ìnagijẹ Maxxuss ń gbé àtúnṣe jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ètò náà fi ń ṣiṣẹ́ lórí PC lásán. Àwọn mìíràn kọ FakeSMC, tó ń díbọ́n pé òun ni ṣíìpù SMC, tó sì ń na kọ́kọ́rọ́ sí ètò náà bó bá béèrè. Ní àwọn ọdún yẹn, àwọn kan ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí àwo DVD: JaS, Kalyway, iATKOS. Ẹ̀dà tí Apple kò fọwọ́ sí ni gbogbo wọn, pípín wọn kiri sì lòdì sí òfin.

Dell Mini 9

Ẹ̀rọ tó gbé Hackintosh dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ògbóǹtarìgì ni Dell Inspiron Mini 9, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 8.9 lọ. Intel Atom N270 ni ọpọlọ rẹ̀, kò ní fáànù, kò sì ní díìsìkì tó ń yí. Ẹni tó bá gbé e sórí itan lóru kò ní gbọ́ ìró kankan. Apple kò ṣe irú kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, àmọ́ ètò Apple bá Mini 9 mu bí ìgbà tí wọ́n rán an mọ́ ọn lára. Ilé iṣẹ́ Broadcom ló ṣe Wi-Fi rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà ni Apple ti ń ra tirẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ alágbèéká mìíràn, ṣe ni ènìyàn yóò tú síkúrù ìdí rẹ̀, kó yọ káàdì Wi-Fi tó bá a wá, kó sì fi èyí tí ètò Mac mọ̀ rọ́pò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2009, Apple gbé Snow Leopard, ìyẹn Mac OS X 10.6, jáde ní dọ́là 29, Mini 9 sì gbà á. Ìgbà tó di oṣù kọkànlá, àtúnṣe 10.6.2 dé, ó sì yọ ọpọlọ Atom kúrò lára àwọn tí ètò náà mọ̀. Ẹni tó tẹ “gba àtúnṣe” lálẹ́, tó ní kí òun tan ẹ̀rọ òun padà, kò rí i kó jí mọ́. Láìpẹ́, àwọn ọlọ́gbọ́n tún kernel, ọkàn ètò náà, kọ, Atom sì padà wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní Hackintosh ti kọ́gbọ́n: a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Bí àtúnṣe bá jáde, kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbà á ná. Ohun tó jẹ́ kí ètò àtijọ́ máa pẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹjọ́ Psystar

Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, Psystar, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Florida, bẹ̀rẹ̀ sí í ta PC tó lè lo Mac OS X. Dọ́là 399 ni owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje, Apple pè é lẹ́jọ́ ní California. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Adájọ́ William Alsup dájọ́ pé Psystar tẹ ẹ̀tọ́ àdàkọ Apple lójú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣíwọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kín ìdájọ́ náà lẹ́yìn lọ́dún 2011. Ọ̀nà láti sọ Hackintosh di òwò ti dí. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀ ló kù sí.

Olùṣọ́nà tí ń jẹ́ OpenCore

Àwọn wọ̀nyí ló tún iṣẹ́ náà ṣe dé ojú àmì. Àtijọ́, fáìlì Apple gan-an ni wọ́n ń yí padà lórí díìsìkì, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan fi ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Clover, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, àti OpenCore, tó jáde lọ́dún 2019, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ètò adarí tó jí. Wọ́n á sọ fún un pé iMac tàbí MacBook báyìí báyìí nìyí, wọ́n á na ohun tó bá béèrè sí i, wọ́n á sì kúrò lójú ọ̀nà. Fáìlì Apple wà bí Apple ṣe kọ ọ́. Gbogbo ìtọ́ni OpenCore wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, config.plist, tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ìlà kan bá ṣì níbẹ̀, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti jí, kí ènìyàn sì máa wá ìlà náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ilé là ń bọ̀

Ibí ni ìtàn ti yí padà. Apple fúnra rẹ̀ ń já àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ọgbọ́n tí wọ́n dá fún Dell sì di ohun tí wọ́n fi ń gba Mac là. Collin Mistr, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí dosdude1, ti ṣe irinṣẹ́ tó gbé àwọn ẹ̀dà macOS, láti Sierra títí dé Catalina, sórí Mac tí Apple ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn tí macOS Big Sur jáde ní ìparí ọdún 2020, àwọn ẹgbẹ́ Dortania sọ OpenCore di OpenCore Legacy Patcher, fún Mac àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo MacBook Pro oníǹṣì 13 ti àárín ọdún 2012, ọ̀kan lára irú tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà. Síkúrù 10 ló wà nídìí rẹ̀. Bí a bá tú wọn, RAM àti díìsìkì rẹ̀ wà níwájú wa, a lè pààrọ̀ méjèèjì nílé. Apple tà á títí di oṣù kẹwàá ọdún 2016. Catalina, ti ọdún 2019, ni ètò tó kẹ́yìn tí wọ́n fún un, oṣù keje ọdún 2022 sì ni àtúnṣe ààbò Catalina dópin. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní tuntun lóṣù kẹwàá yẹn kò lò ó pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi pa á tì. Síkúrù rẹ̀ kò tíì dógùn-ún.

Bí a bá fi Patcher gbé macOS Monterey wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà jí, ṣùgbọ́n ṣe ni fèrèsé ń wọ́ bí ìgbín lójú rẹ̀, nítorí Apple ti yọ ètò tó ń bá Intel HD 4000, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀, sọ̀rọ̀. Patcher á dá ètò àtijọ́ náà padà sáyè rẹ̀. A pa ẹ̀rọ, a tún un tàn, fèrèsé sì ń ṣí wẹ́rẹ́. Bí àtúnṣe tuntun bá dé, yóò pa iṣẹ́ náà rẹ́, a ó tún un ṣe.

Kò yẹ ká fi ewu rẹ̀ pamọ́. Kí Patcher tó lè ṣe èyí, ó gbọ́dọ̀ dẹ díẹ̀ lára odi ààbò tí Apple mọ yí ètò náà ká. Ewu ẹni tó jókòó sórí ètò àtijọ́ tún ju ìyẹn lọ. Chrome ṣíwọ́ àtúnṣe fún Snow Leopard lọ́dún 2016. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọjọ́ pé lórí ìwé ẹ̀rí ààbò kan tí wọ́n ń pè ní DST Root CA X3, ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Mac tí ètò rẹ̀ kò tó 10.12.1. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì dára fún ìwé kíkọ, fún orin àti àwòrán. Kí a má ṣe fi wọ báǹkì.

Ilẹ̀kùn ńlá ti ń padé báyìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2020, Apple kéde pé òun ń fi Intel sílẹ̀ fún ṣíìpù tí òun ṣe fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ó kéde pé macOS Tahoe ni yóò kẹ́yìn fún Intel. Ṣíìpù Apple kò sí lọ́jà fún ẹlòmíràn láti rà, nítorí náà kò sí Dell tí yóò tún lè sọ èdè rẹ̀. Hackintosh yóò dúró síbi tí Tahoe bá dúró sí. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún fi ń fi hàn pé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kọ ẹ̀rọ kan sílẹ̀ kọ́ ni ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà yín ti kú, ẹ kọ́kọ́ tú síkúrù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ẹ wo inú rẹ̀.