Ààlè, Ìbọn àti Ẹ̀mí Olè

Ní etí ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní ni Ofosu wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, nítòsí ibi tí ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìpínlẹ̀ Ẹdó ti pààlà. Igbó ńlá ni agbègbè náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lónìí, oko kòkó pọ̀ níbẹ̀, Ìdànrè sì wà lára àwọn ibi tí a mọ̀ jù fún kòkó ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n níbi tí kòkó bá wà, olè kòkó kì í ṣàìsí. Àwọn kan a máa ká a lórí igi, àwọn mìíràn a máa kó èyí tí àgbẹ̀ ti sá sóòrùn. Nígbà tí iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdẹwò náà di ńlá. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí àgbẹ̀ bá ká olè mọ́ oko rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó pa á nítorí kòkó?

Kí a tó dá àgbẹ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀. Kòkó kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí a gbìn lónìí tí a sì já ní oṣù tí ń bọ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí igi rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ní gbogbo àkókò yìí, àgbẹ̀ ń ro oko, ó ń fín oògùn, ó sì ń yá owó. Ìgbà tí kòkó bá gbó ni ó ń san gbèsè, ìgbà náà ni ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tí ó bá palẹ̀ kòkó rẹ̀ mọ́ lóru ọjọ́ kan, iṣẹ́ odidi ọdún kan ni ó kó lọ. Bí olóko bá wí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn àgbà pàápàá ní ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni ohun tí ó yẹ kí olóhun ṣe ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ìtàn àwa Yorùbá ní ìdáhùn kan sí ìbéèrè yìí tí a kì í sábà kà sí òfin, èyí sì ni ààlè. Oríṣi àrokò kan ni ààlè jẹ́. Ẹni tí ó di igi ìdáná sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí ẹni tí ó ní igi ọsàn tí kò lè máa ṣọ́ tọ̀sán-tòru, yóò so àkísà, ìkarahun ìgbín, ògbólògbòó bàtà tàbí ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá gbọ́n mọ ohun tí ààlè ń wí. Àkísà ń wí pé ayé ẹni tí ó bá jí ohun yìí yóò gbó bí aṣọ. Ìkarahun ń wí pé ilé rẹ̀ yóò ṣófo. Ìgbálẹ̀ ń wí pé a óò gbá a dànù. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ti lè gbé iṣu sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko, kí ó to òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn, kí ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mú iṣu yóò fi owó dípò rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí bóyá ààlè náà kì í ṣe ìpànìyàn, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé èpè àti àìsàn ni ó ń ṣèlérí. Ìbéèrè gidi ni. N kò ní pe ààlè ní ohun jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyè sí. Èkíní, ààlè a máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: olè rí i, ó sì ní àyè láti padà. Èkejì, olóhun kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san. Agbára tí a gbà pé ó ju òun àti olè lọ, tí kì í ṣi ẹni mú, ni ó gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, ó ṣeé tú: ẹni tí ó bá jẹ́wọ́, tí ó dá ohun olóhun padà, tí ó sì ṣe ètùtù, lè rí ìdáríjì. Ìbọn tí a yìn nínú òkùnkùn kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lè bá ẹni tí ó ṣìnà. Ó lè bá ọmọ aládùúgbò tí ó ń wá ewúrẹ́ kiri. Ẹni tí ó bá sì bà, kò sí ètùtù tí ó lè dá a padà.

N kò wí pé àwọn baba wa kò pa olè rí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹ̀mí kì í parí sí agbo ilé. Baálé lè bá olè wí, ó sì lè ní kí ó san owó ìtanràn. Bí ọ̀ràn bá di ti ikú, ó di ti ọba àti àwọn ìjòyè. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ògbóni ka títa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ sí Ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjà lásán gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù. Ilẹ̀ yìí kan náà ni àgbẹ̀ ń gbìn sí.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn náà ti ro ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí 22, a kà pé bí a bá lu olè pa níbi tí ó ti ń fọ́ ilé, ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là, ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ wà. Òfin Róòmù àtijọ́ náà ya olè òru sọ́tọ̀ kúrò lára olè ọ̀sán. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí ènìyàn bá fọ́lé lóru, onílé kò mọ̀ bóyá ẹrù ni ó wá kó tàbí ẹ̀mí ni ó wá gbà. Ìbẹ̀rù fún ẹ̀mí ni ó dá onílé láre, kì í ṣe ìfẹ́ ẹrù. Oko kòkó kì í sì í ṣe iyàrá ìbùsùn.

Òfin ìjọba kò jìnnà sí èyí. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn mú kárí Nàìjíríà ní 1916 gba olóhun láyè láti fi ipá di ẹrù rẹ̀ mú lọ́wọ́ olè, tàbí kí ó gbà á padà, bí kò bá ti ṣe olè náà léṣe. Bí olè bá gbé ohun ìjà sí i, ọ̀rọ̀ ti di ti gbígba ara ẹni là, ìyẹn sì ní òfin tirẹ̀. Ní òmìnira ọdún 1960, ọ̀rọ̀ tuntun wọlé. Àwọn tí ó kọ òfin ìpìlẹ̀ wa tẹ̀ lé àdéhùn ilẹ̀ Yúróòpù lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí a fọwọ́ sí ní Róòmù ní 1950. Àdéhùn náà gbà pé a lè lo ipá tí ó yọrí sí ikú láti gba ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ dúkìá níbẹ̀. Àwọn tiwa fi dúkìá kún un, ó sì wà ní abala 33 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 títí di òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbá gbólóhùn yìí mú, wọn a sì gbàgbé ìyókù: ipá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin fàyè gbà, kò sì gbọdọ̀ ju ohun tí ó pọn dandan lọ. Èyí dá wa padà sí òfin 1916, tí kò gbà kí a pa ènìyàn nítorí àpò kòkó.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, níbo ni a ti kọ́ pé ẹ̀mí olè kò jẹ́ nǹkan? Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ìjọba ológun ni a ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, òfin ológun ọdún 1970 sọ ìdigunjalè di ọ̀ràn ikú. Ní 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní Bar Beach ní Èkó. Níbẹ̀ ni wọ́n pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, tí èrò ya lọ wò ó bí ẹni ń wo eré. Ṣé ìdigunjalè dópin? Ní 1986, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, Lawrence Anini ń dààmú Bìní, ìlú ńlá tí ọ̀nà Ofosu já sí. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó hàn pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì ní 1987. Ìbọn ìjọba kò pa olè tán, ṣùgbọ́n ó kọ́ ará ìlú láti máa pàtẹ́wọ́ nídìí ikú olè. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó bí iṣẹ́ táyà àti epo bẹntiróò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, a fi ẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n láìsí ẹjọ́ kankan. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta lára àwọn tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni tí olè kọjú ìjà sí lè gba ara rẹ̀ là. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n kí a yìnbọn fún ẹni tí ó ń ká kòkó, tàbí ẹni tí ó ti ń sá lọ, kò bá àṣà wa mu, kò sì bá òfin mu. Ẹni tí ó bá sọ èyí fún àgbẹ̀ tí kò sì fi nǹkan mìíràn lé e lọ́wọ́, ebi ni ó fi lé e lọ́wọ́. Kòkó kì í ṣe iṣu tí olè lè sè jẹ. Ó gbọ́dọ̀ tà á. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Títí di 1986, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń rí sí títa kòkó ni ó ń fún àwọn tí ń ra kòkó ní ìwé àṣẹ. Nígbà tí ìjọba tú u ká, ọjà ṣí sílẹ̀ fún ẹni gbogbo, ó sì ṣí sílẹ̀ fún olè pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi òfin gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní 2020 láti máa ṣọ́ oko àti ọ̀nà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìdí òṣùwọ̀n ni ó yẹ kí a tún lọ ṣọ́. Kí ẹni tí ń ra kòkó máa béèrè oko tí ó ti wá, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó tà á sílẹ̀, kí kóòtù sì tètè dá ẹjọ́ ẹni tí ó bá ra kòkó olè. Bí a bá ṣe èyí, àgbẹ̀ Ofosu kò ní máa yàn láàárín kí ebi pa ọmọ rẹ̀ àti kí òun pa ọmọ ẹlòmíràn.