Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Tẹ̀

Tẹ̀ (ọ̀rọ̀-ìṣe): kí a fi ìka ti nǹkan wọlé, kí a fi tàdáwà kọ nǹkan jáde, bí a ti ń tẹ̀wé. Ìtumọ̀ méjèèjì pàdé lára bọ́tìnnì pẹlẹbẹ ojú máíkíròwéfù. Tàdáwà tí fàdákà wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà iná sára ọ̀rá polyester méjì. Ọ̀rá kẹta tí wọ́n dá ihò sí ló là wọ́n láàárín. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, tòkè á wọ ihò náà, fàdákà á kan fàdákà, iná á kọjá.

Ojú fóònù ìgbàlódé, irú èyí tí onímọ̀ ẹ̀rọ E. A. Johnson ṣàlàyé ní Malvern, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1965, kì í tẹ̀ wọlé rárá. Ara ènìyàn ń gbé iná. Bí ìka bá ti kan gíláàsì, iná abẹ́ rẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì mọ ojú ibẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ tó nípọn fi ń dí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, "tẹ̀ ẹ́" là ń wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má fi agbára tẹ gíláàsì: fífọwọ́ kàn án ti tó.