Sàlúùnù àti Pálọ̀

Ní ojú ọ̀nà tí ó wọ Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, mo rí pátákó kan ní iwájú ìsọ̀ onídìrí. ‘Saloon’ ni ẹni tí ó kùn ún kọ sí i. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà nínú ọkọ̀ fi rẹ́rìn-ín pé o kan ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Gbọ̀ngàn ni sala nínú èdè Ítálì. Gbọ̀ngàn ńlá ni salone. Àwọn Faransé sọ ọ́ di salon, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó di ilé ọtí ní Amẹ́ríkà, ó di irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, ó sì bọ́ sí orí àwọn obìnrin wa.

Ní Párísì, ìpéjọ ọlọ́gbọ́n ni ó di. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, obìnrin ọlọ́lá kan, Madame de Rambouillet, a máa gba àwọn òǹkọ̀wé ní àlejò nínú yàrá rẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Láti 1725 ni a ti ń pàtẹ àwòrán sí Salon Carré ní Louvre, àfihàn náà sì jogún orúkọ yàrá. Nígbà tí Diderot bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí àfihàn yìí ní 1759, ọ̀rọ̀ náà tún di orúkọ irú àròkọ kan.

Lọ́dọ̀ tiwa, irun nìkan ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Yàrá àlejò ti gba pálọ̀, tí òun náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ‘sọ̀rọ̀’. Ẹ wá wò ó: nínú pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, nínú sàlúùnù ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti agbègbè Okun fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ lórí ìtàn tí àwọn obìnrin ń pa nídìí irun dídì. Mo ní òfófó kì í ṣe lítíréṣọ̀. Ó kọ ti oríkì dípò rẹ̀. Ó gba máàkì tí ó dára, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí n kò rò nígbà náà ni bí wọ́n ti ń jókòó. Ẹni tí a ń dirí fún jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún onídìrí. Kò rí ojú rẹ̀. Ohun tí ẹnu kò lè sọ lójúkojú, ó ń jáde níbẹ̀, ó sì ní láti gùn tó ìgbà tí ṣùkú yóò fi parí. Adichie mọ èyí: ilé onídìrí kan ní Trenton ni òpó ìwé rẹ̀, Americanah (2013), bí wọ́n ti ń di irun Ifemelu ni ìtàn ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní Ògìdì yìí kan náà ni a bí Nike Okundaye ní 1951, ìyá-ńlá tí ó tọ́ ọ ni ó sì kọ́ ọ ní aṣọ híhun. Nídìí òfì pẹ̀lú, ọwọ́ àti ẹnu ni ó jọ ń ṣiṣẹ́.

Mo ní kí awakọ̀ dúró. Mo wọlé, mo kí wọn. Onísàlúùnù wo orí mi tí ó ti pá, ó ní, “Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Kí ni kí a dì níbẹ̀?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọ́n fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ìyá kan sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí tèmi.